‘Must not’, ‘need not’, ‘may not’: ta ni ‘not’ ń bá wí?

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibì kan náà ni ‘not’ máa ń jókòó sí tó bá ti pàdé aṣèrànwọ́-ìṣe (ọ̀rọ̀ bíi ‘must’ àti ‘may’ tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe): ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. ‘Must not’, ‘may not’, ‘need not’, ‘cannot’, ‘should not’. Lójú ìwé, ìlà kan náà ni gbogbo wọn tò sí, àmọ́ iṣẹ́ tí ‘not’ ń ṣe nínú wọn kò dọ́gba. Nígbà mìíràn, aṣèrànwọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ di òfo. Nígbà mìíràn, á fò ó, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa bá wí. Aṣèrànwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ti yan tirẹ̀, kò sì sí òfin kan ṣoṣo tó kó gbogbo wọn pọ̀.

Yorùbá kì í sábà fi èyí pamọ́. A ní ‘kò’, a ní ‘má’, ibi tí a bá fi wọ́n sí ni ìtumọ̀ ń tẹ̀ lé. ‘Kò lè wá’: àyè àtiwá ni kò sí. ‘Ó lè má wá’: bóyá á wá, bóyá kò ní wá. Tí a bá wá kó méjèèjì pọ̀, ‘kò lè má wá’, wíwá rẹ̀ ti di dandan nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì á fi ‘may not come’ sọ èkejì, á sì tún fi ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sọ pé wọn kò gbà kí ẹni náà wá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ti ń ṣì í gbọ́.

Ẹ wo irú gbólóhùn tó máa ń wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń kì bọ inú páálí oògùn. ‘This medicine must not be taken with alcohol’: èèwọ̀ ni, ẹni tó bá mu ọtí sí i ń fi ara rẹ̀ wewu. ‘This medicine need not be taken with food’: kò pọn dandan kéèyàn jẹun sí i, ẹni tó bá sì jẹun kò ṣẹ̀. Nígbà tí kò tíì sí ìyísódì, ìyẹn ‘not’, ọ̀rọ̀ dandan ni ‘must’ àti ‘need’ jọ ń sọ. Bí ‘not’ ṣe dé ni ọ̀nà wọn pín. Nínú ‘must not’, dandan yẹn dúró digbí: dandan ni kéèyàn má ṣe é. Nínú ‘need not’, dandan yẹn gan-an ni ‘not’ mú kúrò.

‘Do not have to’ ń bá ‘need not’ rìn. ‘Have to’ kì í ṣe ojúlówó aṣèrànwọ́ bíi ti ‘must’, kò lè gba ‘not’ mọ́ra fúnra rẹ̀, nítorí náà ‘do’ ló ń bá a gbé e. ‘Not’ á wá bọ́ síwájú ‘have to’, á sì pa á rẹ́. Olùkọ́ tó bá kọ̀wé sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ‘You don't have to come on Friday’ fún wọn láyè ni; tó bá kọ ‘You must not come on Friday’, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ká má parọ́, tiwa náà ní ibi tó ti wọ́. Nínú ‘o kò gbọdọ̀ lọ’, iwájú ‘gbọdọ̀’ ni ‘kò’ wà, síbẹ̀ gbólóhùn náà kò sọ pé lílọ kì í ṣe dandan. Ó kà á léèwọ̀ ni. Tí a bá fẹ́ sọ ti ‘need not’, a ní láti lọ wá ‘kò pọn dandan’ tàbí ‘kò di dandan’. Èdè Jámánì ló gba ọ̀nà mìíràn: ‘du musst nicht gehen’ túmọ̀ sí pé kò pọn dandan kí o lọ, ‘du darfst nicht gehen’ ni èèwọ̀. Ìdí rèé tí ará Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi lè wí fún àlejò pé ‘you must not eat it’, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló fẹ́ sọ pé kó má ṣe fipá jẹ ẹ́.

Ìtàn ‘must’ jọ pé ó ní nǹkan í sọ sí i. Inú ‘mōtan’ ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló ti jáde, ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ìyọ̀ǹda sì ni ‘mōtan’ nígbà náà. Ẹni tí kò bá ní ìyọ̀ǹda, èèwọ̀ ni fún un. Ìtumọ̀ ‘must’ yí sí dandan nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ìyísódì rẹ̀ ṣì wà nídìí èèwọ̀.

Àmọ́ ‘must’ mìíràn tún wà, èyí tí a fi ń méfò. ‘She must be at home, the light is on.’ Tí ará Britain bá fẹ́ yí èyí sódì, kì í sábà lo ‘must not’. ‘She can't be at home’ ló máa sọ. Ará Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ máa ń sọ pé ‘He must not have heard the bell’, ìyẹn ni pé ó ní láti jẹ́ pé kò gbọ́ agogo náà. Kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀.

‘May not’ ló wá burú jù, lójú tèmi. ‘Candidates may not answer Question 4.’ Ó lè jẹ́ pé wọn kò gbọdọ̀ dáhùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bóyá wọn kò ní dáhùn rẹ̀. Tí ẹni tó ń kà á bá sì fi ohùn tẹ ‘not’, ó tún lè jẹ́ pé wọ́n láyè láti fò ó. Àwọn tó ń kọ ìwé ìlànà iṣẹ́ mọ èyí. Ìlànà ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, fún àwọn tó ń kọ ìwé òṣùwọ̀n sọ pé kí wọ́n má fi ‘may not’ rọ́pò ‘shall not’ tí wọ́n bá fẹ́ ka nǹkan léèwọ̀. Nínú RFC 2119, tó jáde ní 1997 láti tò lẹ́sẹẹsẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, ‘MUST NOT’ wà fún èèwọ̀ pátápátá, ‘SHOULD NOT’ wà fún ohun tí kò dáa kéèyàn ṣe àfi tó bá ní ìdí pàtàkì. ‘MAY’ wà níbẹ̀. ‘MAY NOT’ kò sí nínú àkójọ náà rárá.

‘Should not’ kò le: ‘kò yẹ kí o lọ’ àti ‘ó yẹ kí o má lọ’, ibì kan náà ni méjèèjì já sí. Kìkì pé ará Britain tí wọ́n fún lẹ́bùn lè ké pé ‘Oh, you shouldn't have!’ Ọpẹ́ ló ń dú, kì í ṣe pé ó ń báni wí.

Tó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, ‘You needn't have cooked’ fi hàn pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀, wàhálà ọ̀fẹ́ ni. ‘You didn't need to cook’ kò sọ bóyá ẹni náà dáná tàbí kò dáná.

Ti ‘can't’ wà fún etí. Lẹ́nu ará ìlú London, ‘can't’ fa fáwẹ̀lì gùn, ‘can’ kò fà á, ó rọrùn láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, ‘t’ ìparí yẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ohun tí etí máa ń dì mú ni pé wọ́n ń yára fò kọjá lórí ‘can’, ó ń dún bíi ‘kn’, nígbà tí ‘can't’ ń gba ohùn kíkún. Tí ìlà fóònù kò bá já gaara, àwọn fúnra wọn máa ń bi ara wọn pé ‘Can or can't?’