Bí Ariwo Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Láti Ẹ̀yìn Àwọ̀n

Fídíò náà kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ó ń kiri orí fóònù àwọn ọmọ Pánṣẹ́kẹ́ bí fídíò bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ yìnyín kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń rà ní Lafẹ́nwá láti fi mú ohun mímu òde ìnáwó tutù. Ọmọ kan tó wọ bàtà abẹ́ irin sáré gba ẹ̀yìn àwọ̀n kọjá, ó fi ọ̀pá bu róbà dúdú kan nílẹ̀, ó sì gbé e sínú ilé láti ẹ̀gbẹ́ òpó, bí ẹni gbé àwo sórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e kì í yàtọ̀: ṣé kò wá fi ẹni ẹlẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí?

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú họ́kì orí yìnyín. Ohun tó yẹ kí ó fi kún un ni pé ilé wọn kò sí ní ìpẹ̀kun pápá. Àyè bí ẹsẹ̀ bàtà 11 ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí eré ti lè máa lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀.

Ilé náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó fẹ̀ ní 6. Nítorí pé ilẹ̀ ni róbà sábà máa ń gbà wá, aṣọ́lé òde òní máa ń kúnlẹ̀, á ya ẹsẹ̀ sí ọ̀tún òun òsì, á fi tìmùtìmù tó dè mọ́ ẹsẹ̀ dí ilẹ̀ pa. Igun òkè tó wà létí òpó á wá ṣófo. Ẹni tó wà lẹ́yìn àwọ̀n ń wo àlàfo yẹn kedere. Aṣọ́lé tó ni ín gan-an ni kò rí i, àfi tó bá wẹ̀yìn.

Báwo wá ni róbà tó wúwo ní gíráàmù 156 sí 170, tí wọ́n tún ti fi sínú fíríìsà kó tó dé pápá, ṣe ń dúró lórí ọ̀pá láìjábọ́? Ọmọ tó ti pọn omi rí mọ ìdáhùn. Bí a bá di garawa omi mú, tí a fi apá jù ú yípo láti ilẹ̀ dé òkè orí, omi kì í dà, bí apá kò bá ti dẹ̀. Eléré náà á tẹ́ ojú ọ̀pá pẹrẹsẹ lé róbà, á fi í tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á yí ọrùn ọwọ́, róbà á sì gun ọ̀pá. Láti ìgbà yẹn, apá kò gbọdọ̀ dúró. Téèpù tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá ń bá a di róbà mú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyípo apá ni ọ̀gá. Ẹni tó bá dúró wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ó ti jábọ́.

Àwọn tó jókòó sẹ́yìn àwọ̀n, tó jẹ́ pé gíláàsì nìkan ló là wọ́n sí pápá, ló ń kọ́kọ́ rí ọ̀pá tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Igbe wọn lè ṣáájú iná pupa tí wọ́n fi ń kéde góòlù. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun kejì, lórí pápá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ṣì ń wá róbà nílẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni ojú wọn ti mọ́ ọn wò. Iná tàn, wọn kò mọ ohun tó tàn án. Apá kan ń hó, apá kan ń bi ara wọn léèrè. Ìgbà tí àwòrán bá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó rọ̀ sókè ni ariwo kejì tó bẹ́. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti góòlù, ti èkejì jẹ́ ti ọgbọ́n. Àwọn adájọ́ náà lè tún padà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀pá kò ga ju igi òkè ilé lọ nígbà tó kan róbà, nítorí tó bá ga jù ú, wọ́n á wọ́gi lé góòlù náà. Lórí fóònù, àwọn kan máa ń rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ló mú kí ariwo náà pẹ́ dé. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní pápá gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àfojúdi ló ń dunni jù. Andrei Svechnikov ló kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí gba góòlù wọlé ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19. Ẹgbẹ́ Calgary ló ń na Carolina, ẹgbẹ́ tirẹ̀, ní 1-0. Góòlù yẹn ló mú wọn dọ́gba, wọ́n sì jáwé olúborí ní 2-1. Ẹni tí wọ́n ń nà lọ́wọ́ kì í ráyè ṣe fáàrí.

Ẹni tó ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Bí ọ̀ta bá ń kó ọmọ jọ sójú kan títí tó fi di odù, gbogbo òǹwòran ló ń rí i, òpè náà ń rí i, kò kàn mọ ọjọ́ tí yóò tú ni. Ọjọ́ tí ọ̀ta bá tú u, tó yí ọpọ́n po, tó jẹ nílé òpè, òǹwòran á hó yèè, ọ̀ta á sì fi òpè ṣẹ̀sín. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó rí òpè fín, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àgbà tó bá ń fẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún òun kò ní jókòó sídìí ọpọ́n lọ́jọ́ náà. Odù ni àyè ẹ̀yìn àwọ̀n yẹn. Ọjọ́ pẹ́ tó ti kún, gbogbo ojú ń wò ó, ọwọ́ tí yóò tú u ló ṣọ̀wọ́n.

Ó ṣọ̀wọ́n débi pé láti ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1996, tí Mike Legg ti Yunifásítì Michigan ṣe é sí Minnesota, tí wọ́n sì fi orúkọ Michigan pè é di òní, ọdún 23 kọjá kó tó wọ NHL. Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn àgbà eléré kò gbà á. Ohun tí ayé máa wí ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bí róbà bá já, kóòṣì lè fi ọmọ náà jókòó. Bí ó bá wọlé, alátakò lè wá a wá pẹ̀lú èjìká. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Trevor Zegras, ọmọ ọdún 20, bu róbà lẹ́yìn àwọ̀n Buffalo, ó sọ ọ́ gba òkè ilé kọjá, Sonny Milano, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sì gbá a wọlé lójú òfuurufú. John Tortorella, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kóòṣì ní NHL, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kò dá òun lójú pé irú rẹ̀ dára fún eré náà. Àwọn ọ̀dọ́ òǹwòran kò dúró bá a jiyàn. Wọ́n kàn ń wo fídíò náà ní àwòtúnwò, kò sì pẹ́ tí àwòrán Zegras fi wà lójú páálí géèmù NHL 23 pẹ̀lú ti Sarah Nurse, obìnrin tó ń gbá họ́kì. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, òǹwòran gbọ́n ju kóòṣì lọ: wọ́n rí i pé ọ̀nà tó kúrú jù sí ibi tó ṣófo ni ọmọ náà gbà.

Connor Bedard ṣe tirẹ̀ sí St. Louis ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2023, ní ọmọ ọdún 18. Àwọn tó ń dènà náà ti kọ́gbọ́n báyìí. Bí ọ̀pá bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn àwọ̀n, wọ́n ti ń sáré lọ gbá a, aṣọ́lé náà á dìde, á fi èjìká lẹ̀ mọ́ òpó. Òǹwòran tó wà lẹ́yìn gíláàsì sì ti mọ ohun tí ọ̀pá tó tẹ́ ń wí. Wọ́n ti ń dìde lórí ìjókòó, ẹnu ti là, nígbà tí róbà ṣì wà nílẹ̀.