Típà Àlòkù fún Iṣẹ́ Oko: Abẹ́ Rẹ̀ ni Kí Á Kọ́kọ́ Wò

Lágbègbè Abẹ́òkúta, ẹni tó bá ní ilẹ̀ sí Alábàtà, sí ẹ̀yìn Ọ̀dẹ̀dá tàbí lápá Ìmàlà kì í pẹ́ mọ̀ pé ẹrù kíkó lè gba owó ju ohun tí wọ́n ń kó lọ. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọn yóò fi dí kòtò ojú ọ̀nà, òkúta haadikóò fún ìpìlẹ̀ ilé adìyẹ, yanrìn fún búlọ́ọ̀kù, ìgbẹ́ adìyẹ tó ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ tó ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe láfún: gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ ọkọ̀. Onítípà tó ń dúró létí títì l'Ọ́bàntokò tàbí Lafẹ́nwá kì í ta yanrìn lásán. Owó yanrìn, owó dísù, owó àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó o sọ́kọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà ló ti dà pọ̀ sínú iye kan ṣoṣo tó ń pè. Bí ọ̀nà oko bá burú, á bu owó lé e, tàbí kó da ẹrù sílẹ̀ létí títì pé òun ò wọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò àtira típà ti máa ń wọlé.

Bó bá jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo lèèyàn fẹ́ kọ́, tí iṣẹ́ náà yóò parí láàárín oṣù díẹ̀, kó máa háyà lọ ló dáa. Típà àlòkù bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí kò sì lópin: ọkọ̀ tí yóò ṣiṣẹ́ lónìí, tí yóò wà lábẹ́ igi títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ́ńjìnnì tuntun. Ohun tó nílò ni ṣáásì (irin abẹ́ tó gbé ọkọ̀ ró) tó tọ́ àti jáàkì tó lè ti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Síbẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Orúkọ tí olùrà yóò gbọ́ jù lọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta típà kéékèèké ni 911, tí wọ́n ń pè ní náìnì-lẹ́fùn. Mercedes ni. Nọ́ńbà yẹn nítumọ̀: 9 ni iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀n jù lápapọ̀, 11 sì ń tọ́ka sí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìyẹn agbára ẹṣin 110. Bákan náà ni wọ́n ń ka 1924: tọ́ọ̀nù 19, agbára ẹṣin 240. Ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes nílẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀ àti mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n fi wọ́pọ̀ títí dòní.

Bí a bá yọ ìwúwo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò nínú tọ́ọ̀nù 9, ohun tó kù fún ẹrù kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 lọ. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń rù lé e. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 ń gba kúbíìkì mítà 3.6. Kúbíìkì mítà kan yanrìn gbígbẹ ń wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 1.6, nítorí náà ẹrù ti di tọ́ọ̀nù 5.76 kó tó ga ju etí bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Bí yanrìn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú Odò Ògùn jáde, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, kúbíìkì mítà kan lè tó tọ́ọ̀nù 1.9, gbogbo ẹrù yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tọ́ọ̀nù 7. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ọ̀pọ̀ onítípà ṣì ń fi pákó gbé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè kó lè gbà sí i. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti lò báyẹn fún ogún ọdún láàárín ibi ìfọ́kúta Ọ̀dẹ̀dá àti ìgboro, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ìyà náà jẹ jù.

Típà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá bíi Howo ń wu èèyàn lóòótọ́, nítorí ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ti 911 lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kì í ṣe títì. Afárá kékeré tí wọ́n fi páìpù ṣe kò lè gbé e, ìyẹ̀pẹ̀ etí àkùrọ̀ yóò sì gbé e mì nígbà òjò. Ọkọ̀ kékeré tó lọ lẹ́ẹ̀mẹta sàn ju ńlá tó rì lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wá ń wá katapílà tí yóò fà á jáde.

Ó wá di ọjọ́ àyẹ̀wò. Aṣọ tí kò ní dun èèyàn tó bá dọ̀tí ni kó wọ̀, kó sì gbé tọ́ọ̀ṣì dání, nítorí abẹ́ ọkọ̀ ni ibẹ̀rẹ̀. Ṣáásì ni irin gbọọrọ méjì tó ti iwájú dé ẹ̀yìn, òun ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Kí olùrà dúró níwájú, kó tẹ̀ ba, kó fi ojú kan ṣoṣo wò lọ gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tẹ̀ yóò hàn. Ibi tí ìlà ìfọ́ ti sábà máa ń yọ ni ẹ̀yìn orí ọkọ̀, ibi tí wọ́n so súpíríǹgì mọ́, àti ìdí pátápátá níbi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń yí sókè. Ìpẹtà lójú kan ṣoṣo tó fà gbọọrọ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sábà máa ń jẹ́ àmì pé irin ti là níbẹ̀, tí omi sì ń wọ̀ ọ́. Ọ̀dà tuntun lórí ṣáásì nìkan, nígbà tí ibi yòókù ti ṣá, yẹ kó mú ìfura wá.

Wẹ́dà ṣe pàtàkì níbí ju mẹkáníìkì lọ. Òun ló lè sọ bóyá pátákó irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ṣáásì wà níbẹ̀ láti fún un lókun ni, tàbí ó ń bo ibi tó ti ṣẹ́. Òun náà ló lè rí i bí wọ́n bá ti gé ṣáásì náà kúrú. Èyí wọ́pọ̀ lára tòkunbọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe típà níbi tí wọ́n ti ń bọ̀: ọkọ̀ akẹ́rù lásán ni, ibí ni wọ́n ti gé e, tí wọ́n sì rọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e. Gígé náà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Gígé tí kò tọ́, tí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ wà ní gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsí àtìlẹ́yìn, ni yóò ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹrù bá pọ̀.

Okùn kan ṣoṣo tó láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà dúró déédéé. Kí wọ́n na táyà iwájú síwájú gan-an, kí wọ́n wọn àárín họ́ọ̀bù iwájú sí àárín họ́ọ̀bù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, kí wọ́n gbé okùn náà lọ sí apá òsì. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìbú ìka díẹ̀ lọ, bóyá bóòtì àárín súpíríǹgì ti já tí ásù sì ti sún, tàbí ṣáásì ti yí. Ti àkọ́kọ́ ṣeé ṣe láàárín ọ̀sán kan. Ti ìkejì, kí olùrà máa lọ sílé.

Lẹ́yìn ṣáásì ni jáàkì, èyí tó sọ ọkọ̀ akẹ́rù di típà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Gíá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní PTO. Bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tó sì fa irin ọwọ́ PTO, PTO náà yóò gba agbára lára ẹ́ńjìnnì, yóò máa yí pọ́ńbù. Pọ́ńbù yóò ti ọ́ìlì láti inú táǹkì rẹ̀ sínú jáàkì, ọ́ìlì yóò ti ọ̀pá jáàkì jáde, bọ́kẹ́ẹ̀tì yóò sì gbéra. Láti sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n kàn ń ṣílẹ̀kùn fún ọ́ìlì láti padà sí táǹkì ni. Ìwúwo bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Fáàfù kan tún wà tó ń tú ọ́ìlì sílẹ̀ bí ẹrù bá ti kọjá agbára jáàkì. Àwọn kan máa ń dè é mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ lè gbé ohun tí kò yẹ kó gbé. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni họ́ọ̀sì tó bẹ́ tàbí ọ̀pá jáàkì tó tẹ̀.

Gbígbé bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo sókè kò fi nǹkan kan hàn. Jáàkì tó ti ń kú pàápàá yóò gbé e. Kí olùrà ní kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni yóò sanwó rẹ̀. Kí wọ́n gbé e dé ìdajì, kí wọ́n dúró, kí gbogbo èèyàn jìnnà sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń rọra sọ̀kalẹ̀, síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ti jẹ tàbí fáàfù kò dé dáadáa mọ́. Kí wọ́n wo ara ọ̀pá jáàkì náà: ó yẹ kó máa dán. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ ní kòtò kéékèèké ni yóò máa gé síìlì tuntun, bó ti wù kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tó. Ọ́ìlì tó funfun bí omi ẹ̀kọ ti dà pọ̀ mọ́ omi.

Kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lókè láìjẹ́ pé irin tàbí igi líle ti gbé e dúró. Họ́ọ̀sì kan bá já, kì í fúnni láyè àtisá. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti ń da ẹrù, nítorí yẹ̀pẹ̀ pupa tó tutù máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí apá kejì ti dà tán, ìyẹn sì tó láti dojú ọkọ̀ dé. Kí awakọ̀ sì gbójú sókè wo wáyà iná kó tó fa ọwọ́. Bó bá ti dà á tán, kó yọ PTO kó tó lọ. Èyí tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu iṣẹ́ ń ba pọ́ńbù jẹ́, ó sì lè rọra gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnnì ló kàn báyìí. Ẹni tó ń ta á yóò ti sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yìí, wọn ò tú u rí o." Kí olùrà kan fọwọ́ kàn án ná. Bó bá gbóná, wọ́n ti tan án kó tó dé, kí wọ́n pa á kó tutù, kó tún padà wá. Ìgbà tó tutù ni ẹ́ńjìnnì onídísù ń sọ òótọ́. Èéfín dúdú lè jẹ́ nóósù tàbí fíítà afẹ́fẹ́, kò le. Èéfín tó ní àwọ̀ bí aró jẹ́ ọ́ìlì tó ń jó, ìyẹn ríìngì tàbí fáàfù. Funfun díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò burú. Èyí tó bá ń bá a lọ lẹ́yìn tó ti gbóná lè jẹ́ omi tó ń wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́: bí afẹ́fẹ́ bá ń tì jáde gùdùgùdù, kọ̀ǹpúréṣàn, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ti lọ. Èyí náà kò ní kí èèyàn sá o, bí owó bá jọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú tò.

Búréèkì kò ní àwáwí. Ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ ń lo afẹ́fẹ́ ní aago tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn: kí wọ́n jẹ́ kó kún, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wò ó. Bó bá ń yára sọ̀kalẹ̀, ó ń jò. Ní ti táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà lè ní ojú dáadáa kó sì ti gbó. Mẹ́fà ni 911 ń wọ̀, nítorí náà owó táyà lásán lè yí gbogbo ìdúnàádúrà padà.

Ìwé ló gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà ṣáásì wà lára irin fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn nìkan. Òun ló gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Bí wọ́n bá ti fi ọlọ lọ ibẹ̀, tàbí tí wọ́n jó irin bò ó, kò sí ẹ̀dínwó tó lè tún un ṣe. Tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí oníǹkan, kí wọ́n sì pààrọ̀ orúkọ, nítorí bí ọkọ̀ bá ṣe ẹnì kan léṣe, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Alárinà tó bá ní kí wọ́n sanwó ná, pé ìwé ń bọ̀, kí olùrà jókòó ti owó náà títí ìwé yóò fi dé.

Ìwé ojú pópó wà bákan náà: láísẹ́ńsì, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó, àti ìnṣọ́ránsì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì, ti gbé owó ìnṣọ́ránsì ẹnikẹta ga: ọkọ̀ tó ń kó ẹrù oníǹkan fúnra rẹ̀ di ₦20,000 lọ́dún, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ṣòwò di ₦100,000. Ìyàtọ̀ yìí kan onítípà oko gan-an. Aládùúgbò yóò rí ọkọ̀ náà, yóò ní, "Ẹ gbà wá, ẹ bá wa kó ẹrù yanrìn kan, a ó san owó dísù àti nǹkan díẹ̀." Nǹkan díẹ̀ yẹn ni owó ọkọ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè sọ pé ìwé ₦20,000 kò bo ẹrù ẹlòmíì tí wọ́n gbowó kó. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò máa gba iṣẹ́ mọ́ ti oko òun, kó ti fi ₦100,000 náà kún iye tí ọkọ̀ yóò ná an kó tó dúnàá dúrà.