Work ò kọjú síbì kankan

Àbúrò mi tó fẹ́ ṣe WAEC ló bi mí ní ìbéèrè physics lánàá, a wà létí ọ̀sà l'Ẹ̀pẹ́ níbí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, force, ìyẹn agbára tá a fi ń ti nǹkan tàbí tá a fi ń fà á, ní ibi tó kọjú sí, ibi tí nǹkan sún dé náà ní ibi tó kọjú sí, wọ́n wá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, wọ́n pè é ní work, work wá di scalar, iye lásán. Báwo?" Ẹ̀rín pa mí, torí ìbéèrè yẹn dààmú èmi náà, tíṣà wa kàn ní ká há a sórí ni.

Mo ní kó wo ọkọ̀ pákó kan tí wọ́n ń wọ́ lórí iyanrìn. Ká ní o fi 200 newton (newton la fi ń wọn force) wọ́ ọ tààrà fún mítà 10, work 2,000 joule nìyẹn (joule la fi ń wọn work). Ọlọ́kọ̀ wá dé, ó ní rárá o, ibí kọ́ o, ẹ wọ́ ọ padà jàre, lo bá tún fi 200 newton wọ́ ọ padà ní mítà 10. Tí work bá jẹ́ vector, ìyẹn iye tó ní ibi tó kọjú sí, ti àbọ̀ á pa ti àlọ rẹ́, á di òdo, ẹ̀bà tó o jẹ láàárọ̀ ti wá wọlẹ̀ nìyẹn àbí? Àmọ́ force yí padà, ìrìn náà yí padà, àwọn méjèèjì jọ yí ni, torí náà iye tó ń jáde ò yí: 2,000 míì ni, àròpọ̀ ẹ̀ 4,000.

Ẹ́nájì tó kúrò níbì kan bọ́ síbòmíì ni work ń kà, bí ẹni ń ka owó. Owó tó wọ àpò ẹ ò kọjú sí Ìkòròdú. Mínọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa ń rí níwájú work, kì í ṣe pé ó ń lọ sẹ́yìn o, owó tó jáde lápò ni: iyanrìn tó ń di ọkọ̀ yẹn mú ń gba ẹ́nájì lọ́wọ́ ẹ̀, ní àlọ, ní àbọ̀.

Ibi tí force kọjú sí ò ṣòfò ṣá, òun la fi ń mọ èyí tó bá ìrìn lọ nínú ẹ̀. Tí okùn bá ga sókè ní dígírì 60, ìdajì 200 yẹn ló ń wọ́ ọkọ̀, 1,000 joule péré. Tó bá wá jẹ́ 90 ńkọ́? Ẹ wo ìyá ẹlẹ́ja tó gbé báàfù sórí kúrò lọ́jà Olúwo: gbígbé e sórí, work ni, àmọ́ tó bá ti ń rìn geerege lórí ilẹ̀ títẹ́jú, orí ẹ̀ ń ti báàfù sókè, báàfù ń lọ síwájú, work tí orí yẹn ń ṣe sí báàfù, òdo. Ẹ má lọ sọ ọ́ létí ẹ̀ o.