Ohun Tí Ọkàn àti Ẹ̀dọ̀fóró Ń Fojú Rí Nínú Iṣẹ́ Abẹ Oníkámẹ́rà

Tí wọ́n bá ní kámẹ́rà ni wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún èèyàn, ohun tí ará ilé máa ń sọ ni pé, "Ṣebí ihò kéékèèké mẹ́ta mẹ́rin náà ni." Òótọ́ ni, lójú awọ ara. Àmọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kì í ka ihò. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn kí kámẹ́rà lè ráyè ríran ni wọ́n ń kà.

Káàbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì ni afẹ́fẹ́ náà. Kì í gbiná, ó sì tètè ń yòrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án gbọ́n.

Ẹ wo ara bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: àyà lókè, ikùn nísàlẹ̀. Àjà tó là wọ́n láàárín kì í ṣe kọnkéré, iṣan pẹlẹbẹ tó ń lọ sókè sódò bí a ṣe ń mí ni. Bí wọ́n bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ dé 12 sí 15 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá), àjà á wú, ilẹ̀ yàrá á sì máa ká ẹni tó ń gbé òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀, àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ibẹ̀ á pa dé. Kódà, ibi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì á sún sókè. Nígbà míì, rọ́bà tí wọ́n fi ń bá aláìsàn mí á bọ́ sí ẹ̀ka ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóró òsì ò sì ní rí afẹ́fẹ́ gbà mọ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà, káàbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tó há yìí náà ló sì gbọ́dọ̀ tú u dànù. Ìdí nìyẹn tí dókítà olóògùn oorun fi máa ń mú kí ẹ̀rọ mí sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti ọkàn ló wá ta kókó jù. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ á tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ara, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn á dín kù. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde náà á sún kì. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde lè ti dín kù, síbẹ̀ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gbójú lé ìfúnpá nìkan á rò pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa.

Bí ara inú ikùn bá sì nà lójijì, iṣan ìmọ̀lára kan lè ránṣẹ́ sọ́kàn pé kó rọra. Ìró ẹ̀rọ tó ń dún kíákíá á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra: píì… píì… Wọ́n á tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ná, wọ́n lè fún aláìsàn ní atropine, oògùn tó ń mú kí ọkàn yára lù, ìró náà á sì padà. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣàlàyé èyí fún aláìsàn tó ní àrùn ọkàn kí wọ́n tó ní kó fọwọ́ síwèé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpá nìkan. Fún irú wọn, fífẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má sì pọ̀ jù, ń dín wàhálà yìí kù.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tí ò ní ojú abẹ gbọọrọ lè mí kanlẹ̀, ó lè wúkọ́, ẹ̀dọ̀fóró á sì tètè là. Àmọ́ èjìká tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lè máa ro ó. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù lábẹ́ àjà ló ń yọ àjà náà lẹ́nu, ọrùn tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ náà ni ti èjìká ti wá, ìyẹn ló fi ń dà bíi pé èjìká ló ń ro.