Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo lọ sí Àgbádárìgì: èwo ni kí n mú?

Àbúrò kan tó ń gbé ní Ìkòròdú ló kó ìbéèrè wọ̀nyí fún mi. Ó fẹ́ wá wo Àgbádárìgì ní òpin ọ̀sẹ̀, kámẹ́rà ẹ̀, Nikon D5300 ni, ó sì ní lẹ́ǹsì mẹ́ta nílé: 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá, 50mm f/1.8, àti 70-300mm (bí mm bá ṣe kéré tó ni ibi tí lẹ́ǹsì ń rí ṣe ń fẹ̀ tó; nọ́ńbà ẹ̀yìn f/ ní tiẹ̀, bó bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó). Báàgì tó fẹ́ gbé ò gbà ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò lo Nikon náà lè bá wa kà á, ìṣirò ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èwo gan-an ni kí n mú dání?

Ìdáhùn: 18-55 ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó o fẹ́ gbọ́ nìyẹn, torí gbogbo àwọn tó ń kọ́ yín ní fótò ló ń sọ fún yín pé lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá kì í ṣe ojúlówó, pé kéèyàn tètè jù ú sí kọ̀rọ̀ kó lọ ra 50. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó lo fẹ́ wá yà, màá ní kó o gbé 50 yẹn wá, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ ìrìn àjò lo ń bọ̀ wá rìn, o ò mọ ibi tí wàá ti dúró, ìgbà míì inú yàrá tó há, ìgbà míì inú ọkọ̀ ojú omi, ìgbà míì ojú títì tí ọ̀kadà ò ní jẹ́ kó o dúró pẹ́. Tó bá ti jẹ́ lẹ́ǹsì kan péré, ibi tó ti fẹ̀ jù lára ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò, ibi tó gùn dé ò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Fótò tó bá fẹ̀ jù, wàá gé e nígbà tó o bá délé, ṣebí megapixel 24 ni kámẹ́rà ẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ti ògiri sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n ṣebí wọ́n ní 50mm ló ń wo nǹkan bí ojú èèyàn ṣe ń wò ó? Wọ́n ní òun náà ni Cartier-Bresson, gbajúmọ̀ ayàfótò yẹn, lò títí.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ọkùnrin ará Faransé yẹn fi kámẹ́rà Leica àti 50mm ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé fíìmù inú Leica yẹn, mílímítà 36 lórí 24 ni, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú D5300 tìẹ ò ju bíi 23.5 lórí 15.6 lọ. Ṣe ni kámẹ́rà ẹ ń gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán sọnù. Ọ̀nà 1.5 ni kó o fi sọ iye mm di púpọ̀, kó o lè mọ ohun tí ì bá jẹ́ lára Leica, torí náà 50 tìẹ ti di 75, 18 di 27, 55 di bíi 82. Àwọn tó ń lo Canon kéékèèké, 1.6 ni tiyín. Ẹni tó bá fẹ́ máa wo nǹkan bí bàbá yẹn ṣe ń wò ó lórí Nikon yìí, 35mm ló ń wá, kì í ṣe 50.

Ó dáa, jẹ́ ká wá sí Àgbádárìgì, ìlú wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 tí wọ́n kọ́ ọ tán ní 1845, Marina ló wà, ó kọjú sí ọ̀sà. Ká ní iwájú ilé kan fẹ̀ tó mítà 15, kó tó wọnú fótò ẹ tán, 50mm máa ní kó o lọ dúró ní bíi mítà 32, 18mm á ní mítà 12 ti tó. Máa fẹ̀yìn rìn ní Marina wò ná, wàá bá ara ẹ nínú omi. Ká tiẹ̀ fi ilé sílẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ tó bá dúró tó fẹ́ kó o ya òun láti orí dé ẹsẹ̀, 50mm máa lé ẹ tó mítà mẹ́rin sẹ́yìn, láàárín èèyàn púpọ̀ wọ́n á ti gba àárín yín kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní inú àwọn ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí ṣókùnkùn gan-an. Ṣé f/1.8 ò ní ràn mí lọ́wọ́ ju f/3.5 ti 18-55 lọ níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ìbéèrè gidi rèé. Baracoon Seriki Williams Abass, ibi tó ti wà láti 1840, yàrá 40 ló ní, wọ́n kéré, fèrèsé wọn ò tó nǹkan, àwọn tó ń mú èèyàn yíká á sì sọ fún ẹ pé èèyàn 40 ni wọ́n ń há sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. f/1.8 máa ń gba ìmọ́lẹ̀ bí ìlọ́po mẹ́rin ohun tí f/3.5 ń gbà, ìyẹn dájú. Àmọ́ ìdajì ìṣirò nìyẹn.

Ìdajì kejì ni bọ́wọ́ ẹ ṣe máa gbọ̀n tó. 50mm lórí kámẹ́rà ẹ ti di 75, bí shutter, ìyẹn ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó fi ń pa dé, bá ti lọ sílẹ̀ ju 1/80 ìṣẹ́jú àáyá lọ, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, 50 yẹn ò sì ní VR nínú, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ba àwòrán jẹ́. 18-55 tìẹ ní VR, fi sí 18, gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ìhà, mí jẹ́jẹ́, wàá yà á ní 1/10 tí ò ní ṣe nǹkan kan. Láti 1/80 sí 1/10, ìlọ́po mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, ó ti ju ìlọ́po mẹ́rin tí f/1.8 fi ń yangàn lọ, o sì tún rí gbogbo yàrá. Tó bá jẹ́ 50 lo gbé wọ ibẹ̀, ògiri díẹ̀ àti etí ẹnì kan ni wàá yà jáde. Ògiri kì í sá, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà kì í mira, ìdí nìyẹn tó fi ṣiṣẹ́. Èèyàn tó ń rìn ni VR ò lè dá dúró, tíyẹn bá wọlé, gbé shutter sí 1/125, gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 3200, kó o má wo ti pé ó máa hàn ṣákálá díẹ̀.

Nǹkan kan tún wà. Lẹ́ǹsì yẹn kì í dúró lórí f/3.5, tó o bá ti yí i dé 55 ó ti di f/5.6, torí náà nínú òkùnkùn fi sílẹ̀ ní 18, kí ẹsẹ̀ ẹ máa ṣe súùmù. Fláàṣì, pa á. Kó o sì béèrè kó o tó gbé kámẹ́rà sókè, ibì kan wà tí wọn ò ní gbà kó o ya nǹkan rárá, má bá wọn jà.

Ìbéèrè: Ọ̀sà àti òkun ńkọ́? Mo rò pé 70-300 ló máa dáa fún yẹn.

Ìdáhùn: Fún kí ni? Gberefu, erékùṣù tó o fẹ́ máa yà láti òdìkejì, o máa wọkọ̀ lọ síbẹ̀ náà ni, o máa fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn kọjá ibi kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú ti máa ń mu omi, títí dé ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, níbi tí àwọn ẹrú ti ń wọkọ̀ tí wọn kì í padà mọ́, òkun á wá wà níwájú ẹ. Ibẹ̀ gbayawu, ohun tó fẹ̀ ló yẹ ẹ́. 70-300 AF-S VR tó o ní yẹn, giramu 745 ni, 18-55 ò ju 195 lọ, o ò sì ní lè ya ohun tó bá súnmọ́ ẹ tó mítà kan, torí mítà kan àbọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ fókọ́ọ̀sì. Inú ọkọ̀ tó ń fì, lórí 300, shutter ẹ ò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí 1/500. Ẹni tó ń wá ẹyẹ lè gbé e, mi ò bá a wí. Ìwọ tó fẹ́ ya àwọn apẹja àti àwọn ìyá tó ń ta àgbọn, súnmọ́ wọn, kí wọn, ra àgbọn. Èèyàn tí wọ́n bá rí tó ń nawọ́ lẹ́ǹsì gígùn sí wọn láti ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní ta ló rán ẹ.

Ìbéèrè: Tí mo bá ta méjì kí n fi ra 18-140 tàbí 18-200 ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan náà lè yá mi ní 24-70 f/2.8.

Ìdáhùn: 18-140 dáa, 18 náà ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tó ìlàjì kílò. 18-200 wúwo ju ìyẹn lọ díẹ̀. Àmọ́ ojú wọn nínú òkùnkùn ò ju tìẹ lọ, má ta nǹkan torí òpin ọ̀sẹ̀ kan. 24-70 yẹn lórí kámẹ́rà ẹ, 36 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí giramu 900, kó jókòó sílé ọ̀rẹ́ ẹ.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè fi dán an wò láti Ìkòròdú níbí kí n tó gbéra?

Ìdáhùn: Ó wà. Kámẹ́rà ńlá ẹ̀yìn fóònù ẹ lórí 1x, ó máa ń wà láàárín 24 sí 28mm ti Leica yẹn, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 18 tìẹ dọ́gba. Lórí Nikon ẹ, 2x á wà nítòsí 35mm, 3x á wà nítòsí 50. Mú fóònù lọ sọ́jà, fi 3x nìkan ya gbogbo nǹkan fún wákàtí kan, wàá mọ̀ fúnra ẹ bóyá o lè bá 50 gbé. Èkejì, ṣí àwọn fótò ẹ àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, iye mm tó o fi ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára ẹ̀, wo èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó o fẹ́ràn. Tó bá jẹ́ pé 50 sí 55 ni gbogbo ẹ̀, á jẹ́ pé ojú ẹ yàtọ̀ sí tèmi, gbé 50 wá, má dá mi lóhùn.

Ìbéèrè: Iyanrìn àti iyọ̀ òkun ò ní ba lẹ́ǹsì jẹ́?

Ìdáhùn: Ó lè bà á jẹ́, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó mú kí ẹyọ kan dáa, torí o ò ní máa tú lẹ́ǹsì lórí Gberefu kí atẹ́gùn máa gbé iyanrìn sínú bọ́dì. Fi fílítà UV sí i lójú. Tó o bá délé, fi aṣọ tó rọ̀, tó tutù díẹ̀, nu ara ẹ̀. Má gbé kámẹ́rà jáde nínú mọ́tò tí AC ń fẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ sí í yà lójú ẹsẹ̀, ojú ẹ̀ á ṣe hóró omi, fi sínú báàgì kó kọ́kọ́ gbóná díẹ̀. Má sì pa á mọ́ sínú báàgì tó ní ọ̀rinrin fún oṣù mẹ́ta, lẹ́ǹsì máa ń bu bí búrẹ́dì. Àwọn àpò kékeré funfun inú páálí bàtà tuntun, kó wọn sínú báàgì, wọ́n ń fa omi.

Ìbéèrè: Ìbéèrè tó kẹ́yìn. Tí Zangbeto, eégún àwọn Ègùn yẹn, bá jáde lálẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni 18-55 ti máa já ẹ kulẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Zangbeto ń yí, ó ń yára, iná ò sì tó. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Ègùn tó wà níbẹ̀ kó o tó ya ohunkóhun, tí wọ́n bá ní rárá, ó ti tán. Tó bá jẹ́ torí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an lo ṣe ń bọ̀, 35mm f/1.8 ni kó o wá tòkunbọ̀ ẹ̀ rà, òun ló lè dá ṣe ti ọ̀sán àti ti òru. Àmọ́ rí i dájú pé AF-S ló wà lára ẹ̀, ìyẹn ni pé mọ́tò fókọ́ọ̀sì wà nínú lẹ́ǹsì fúnra ẹ̀, torí D5300 ò ní mọ́tò nínú bọ́dì, àwọn AF-D àtijọ́ ò ní lè mú fókọ́ọ̀sì fúnra wọn lórí ẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba inú ẹ̀ kó o tó sanwó, tó o bá rí nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà kiri lójú gíláàsì ẹ̀, dá a padà fún wọn.