Ẹ̀rọ ni wọ́n tà fún un, wọn ò yá a lówó

Ká ní ìyá kan ń lọ ata l'Ọ́jà Ìpàta nílùú Ìlọrin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọṣẹ́, ₦200,000 sì ni tuntun. Tó bá lọ gba owó gbọ́mú-lé-lántà, wọ́n á ka owó lé e lọ́wọ́. Tọ́jọ́ bá yẹ̀, èlé á tún gorí èlé. Ilé owó onísìláàmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí Súrátù Bákárà nínú Kùránì, ẹsẹ 275, ti là á pé Ọlọ́run ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe ríbà, ìyẹn èlé, léèwọ̀. Òwò ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá ìyá ṣe.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni mùrábáhà. Ilé owó á kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì, á di tirẹ̀. Tó bá já bọ́ lórí ọkọ̀ kó tó dọ́wọ́ ìyá, ilé owó ló pàdánù. Ìgbà náà ni wọ́n á tó tà á fún un: wọ́n á sọ iye tí wọ́n rà á fún un, wọ́n á sì sọ èrè tí wọ́n fẹ́ jẹ. Tí wọ́n bá lé ₦30,000, tí wọ́n pín in sí oṣù mẹ́wàá, ₦23,000 ni yóò máa san lóṣù.

Owó yìí lè má kéré sí ti elélèé. Kò sírọ́ níbẹ̀. Gèlè ni wọ́n pààrọ̀, làwọn kan á wí. Àmọ́ ₦230,000 yẹn kò lè di ₦231,000 mọ́. Bí ata bá wọ́n tí oníbàárà ò wá, ẹsẹ 280 ní kí wọ́n fún ẹni tí ara ń ni láyè títí ara á fi dẹ̀ ẹ́. Owó ìtanràn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹni tó lówó tó mọ̀ọ́mọ̀ fi falẹ̀, sàárà ni wọ́n ń fi í ṣe, kì í wọ àpò ilé owó.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ aṣojú. Wọ́n lè ní kí ìyá fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn rà á. Bí owó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò bèèrè rìsíìtì, tẹ́nikẹ́ni ò wo ẹ́ńjìnnì, orí ìwé nìkan ni òwò wà. Èlé ló kù. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń sanwó fún ẹni tó ń ta ẹ̀rọ gan-an. Láti 2017 tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ìlànà àwọn ilé owó kéékèèké onísìláàmù jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí yóò máa yẹ irú nǹkan báyìí wò.

Mùdárábà, tí wọ́n ti ń pín èrè, ṣọ̀wọ́n, torí ìwé ìṣirò ló ń gbà, alata kì í sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Owó ilé ìwòsàn ńkọ́? Mùrábáhà ò rà á. Kárídù hásánà, ìyẹn owó yíyá tí kò lélé, ló tó o, iye téèyàn gbà náà ni yóò dá padà. Kò sí èrè níbẹ̀, kì í sì í tó káárí. Tọ́mọ bá ṣàìsàn lóṣù kẹta, ẹ́ńjìnnì tó ṣì ku oṣù méje kí wọ́n san án tán ni ìyá máa kọ́kọ́ wò láti tà.