Dùùrù inú kọ̀ǹpútà kékeré: bí a ṣe ń mọ ibi tí ariwo ti wá

Raspberry Pi kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò mọ́lẹ̀, kíbọ́ọ̀dù kékeré tó ní wáyà USB, àti àpò ìró dùùrù tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa: nǹkan mẹ́ta yìí tó ṣe dùùrù fún ìjọ tí agbára rẹ̀ kò tíì ká ti olówó ńlá, ì báà jẹ́ l'Ádó-Èkìtì, ì báà jẹ́ ní Ìjerò. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìdánrawò, tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpà tàbí tó ń gé láàárín orin, ohun tí àwọn èèyàn sáábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ dáńlóòdù àpò ìró mìíràn. Dátà á lọ, àìsàn á sì kù síbẹ̀. Ariwo kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń wá, ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ á sì mọ̀ ọ́n kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kọ̀ǹpútà náà kì í dá ìró dùùrù ṣe. Ẹnì kan ló ti jókòó ti dùùrù gidi, tó tẹ kíì kan jẹ́jẹ́, tó tún un tẹ̀ kíkankíkan, tó sì gba ìró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kì í sábà jẹ́ gbogbo kíì 88 ni wọ́n ń gbà. Nínú Salamander Grand Piano, àpò ìró kan tí wọ́n gbà lára dùùrù Yamaha C5, wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n fo méjì. Kọ̀ǹpútà ló ń fa èyí tí wọ́n gbà sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ láti dí àlàfo náà. Kíì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà sì ní ìpele ìtẹ̀ 16. Bí ìka bá ti kan kíbọ́ọ̀dù, iye kan láti 1 dé 127 á gba inú wáyà kọjá, ìyẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ìpele tó máa mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ẹrù yìí ṣe wúwo tó. Ìró stereo (ti apá òsì àti ti ọ̀tún) tó jẹ́ 16-bit, tí wọ́n ń wọ̀n nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ń gba báìtì 176,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá 10 á gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1.76. Kíì 30 lọ́nà ìpele 16 jẹ́ ègé ìró 480, àpapọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 850. FluidSynth, ètò tó ń mú àpò ìró dún, máa ń kó gbogbo rẹ̀ sínú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Lórí Pi tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 1, kò ní ṣẹ́ ku àyè gidi fún ohun mìíràn, kọ̀ǹpútà á wá máa fi mẹ́mórì káàdì ṣe RAM, káàdì ò sì yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ `free -h` sójú terminal, ibi tí à ń kọ àṣẹ sí; tí iye tó wà lábẹ́ used níwájú Swap bá ń gòkè bí wọ́n ṣe ń tẹ dùùrù, ẹrù ti wúwo ju ẹni tó rù ú lọ. Àpò ìró tó kéré ni kí ẹ lò, tàbí LinuxSampler, ètò mìíràn tó máa ń kó ìbẹ̀rẹ̀ ègé kọ̀ọ̀kan nìkan sínú RAM tó sì ń ka ìyókù láti orí káàdì bí orin ṣe ń lọ. Tiẹ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀: tí káàdì bá lọ́ra, ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì á dún dáadáa, ìdí rẹ̀ á wá já.

Ní ti ariwo pàpà, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí. Ẹ mú ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, ẹ tẹ C àárín nìkan, ẹ má gbé ìka kúrò, kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ẹ gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Tí ẹ bá gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, tí àlàfo àárín wọn bára dọ́gba bí aago ara ògiri, inú àpò ìró gan-an ni àléébù wà. Kí fáìlì má baà tóbi, àwọn tó ṣe é gé ègé ìró kúrú, wọ́n sì jẹ́ kí apá kékeré kan ní ìparí rẹ̀ máa yí po lọ́nà tí kò lópin. Ibi tí ìparí ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀ ni kò bára mu, gbogbo ìgbà tó bá sì yí dé ibẹ̀ ló ń ta. Yàtọ̀ sí ti RAM tó kún, ibí yìí nìkan ni pípààrọ̀ àpò ìró ti lè ran èèyàn lọ́wọ́, ó kéré tán nínú gbogbo ariwo tó ń ta pàpà.

Tí nóòtì kan ṣoṣo bá dún mọ́, àmọ́ tí nǹkan ń ta láìtẹ̀lé ìlù kankan nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá wọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà ni kò lè bá ìró sáré. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń bu omi sínú agbada tó ń jò: tí igbá tó kàn bá pẹ́ dé, agbada á gbẹ. Igbá yẹn ni buffer. Nínú FluidSynth, `-z 256 -c 3` ní ìwọ̀n 48,000 lójú ìṣẹ́jú àáyá kan túmọ̀ sí igbá mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 5.3, àpapọ̀ 16. Ẹ lè fi `-z 512` dán an wò, àpapọ̀ á di 32, ariwo á sì dín kù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ dùùrù á bẹ̀rẹ̀ sí í nímọ̀lára pé ohùn ń tẹ̀lé ìka òun lẹ́yìn. Nínú orin tí ìlù ń lé, èyí burú ju pàpà díẹ̀ lọ. Kó tó di pé ẹ sọ igbá di ńlá, ẹ fi `-R 0 -C 0` pa reverb (tó ń mú ìró dún bíi ti inú gbọ̀ngàn) àti chorus (tó ń mú ohùn kan dún bí ọ̀pọ̀). Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún Pi kò kéré.

Ẹ̀kẹta ni ariwo tó ń há bíi ti sípíkà tó ya, tó sì jẹ́ pé kíkankíkan nìkan ló ń wáyé, tí jẹ́jẹ́ kì í ní in. Gain, ìyẹn bí FluidSynth ṣe ń gbé ohùn sókè tó, ló pọ̀ jù. 0.2 ni FluidSynth máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ó sì lóhun tó fà á: nóòtì mẹ́wàá tó dún pọ̀ ń ro ara wọn mọ́ra ni. Àwọn tó bá rí i pé ó rẹlẹ̀ á gbé e dé 1 tàbí 2, nígbà tó jẹ́ pé orí míksà ló yẹ kí wọ́n ti gbé e.

Iná náà lè dá pàpà sílẹ̀. Pi 4 ń fẹ́ fólítì 5 àti ámípíà 3. Ṣájà fóònù àtijọ́ pẹ̀lú wáyà gígùn tó tín-ín-rín kò lè gbé e. Ẹ kọ `vcgencmd get_throttled`. 0x0 ni ìdáhùn rere. Tí 0x50005 bá jáde, iná ò tó lọ́wọ́lọ́wọ́, ó sì ti mú kọ̀ǹpútà dẹwọ́. Ooru náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: tó bá ti tó 80°C, Pi 4 á dẹ eré fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú páálí tí kò níhò, kò pẹ́ débẹ̀ rárá.

Tí kò bá sí pàpà, àmọ́ tí nóòtì ìsàlẹ̀ ń dá pàá kúrò nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà, iye ohùn tó lè dún pọ̀ ló pé. Nóòtì stereo kan jẹ́ ohùn méjì. Nóòtì 40 tó ṣì ń ró jẹ́ 80. Tí wọ́n bá ti fi 64 sí `synth.polyphony`, ìyẹn ààlà iye ohùn nínú FluidSynth, kọ̀ǹpútà á máa pa àwọn kan kí tuntun lè ráyè, èyí tó ti pẹ́ ló sì sáábà ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá jẹ́ pé ohùn ń ró nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí pẹ́dà, tó sì ń gé nígbà tó wà níbẹ̀, ẹ pa kíbọ́ọ̀dù, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, kí ẹ tó tún un tàn: ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù máa ń wo bí pẹ́dà ṣe wà nígbà tí iná dé.

Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé, a sì lè fọwọ́ mọ ibi tí ọ̀kan parí. Àwọn ìpele ìtẹ̀ kan rí bẹ́ẹ̀: jẹ́jẹ́ lọ jẹ́jẹ́, lójijì ohùn á le koko. Ẹ kọ `aconnect -l` láti rí nọ́ńbà kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ wá fi nọ́ńbà náà kọ `aseqdump -p`, ẹ máa tẹ kíì kan láti orí jẹ́jẹ́ lọ sókè. Tí iye bá fò láti 40 sí 110, kíbọ́ọ̀dù ló lẹ́bi, ẹ yí velocity curve rẹ̀ (ètò tó ń sọ ìtẹ̀ di iye). Tí iye bá gòkè díẹ̀díẹ̀ tí ohùn sì ṣì ń fò, àpò ìró ni.

Dùùrù tí kò bá C mu tí kò sì bá C sharp mu, tó yẹ̀ ní bíi kíì kan àtààbọ̀, ìwọ̀n ìró 44,100 àti 48,000 ló ń jà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí FluidSynth àti káàdì ìró lo iye kan náà.

Ariwo hùùù tó ń lọ bí wọn ò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan wá láti ara iná. Ẹ gbé Pi sórí power bank. Tó bá dákẹ́, ó jẹ́ pé Pi àti míksà ń pàdé lọ́nà méjì, nípa iná àti nípa wáyà ìró. DI box (àpótí kékeré tí wáyà ìró ń gbà kọjá) tó ní transformer láàárín wọn á yanjú ẹ̀. Èyí tó ń ṣe ṣẹ́ẹ́ẹ́ láti ihò ìgbọ́hùn Pi 4, káàdì ìró USB lè wò ó sàn.

Tí iná bá lọ lójijì nígbà tí káàdì ń kọ nǹkan, Pi lè má tàn mọ́. Tí gbogbo ètò bá ti dára tán, ẹ wọ `raspi-config`, ẹ tan Overlay File System, káàdì á di èyí tí wọn ò kọ nǹkan sí mọ́. Ẹ rántí pé ohunkóhun tí ẹ bá yí padà lẹ́yìn náà á pòórá tó bá tún tàn, nítorí náà ẹ pa á kí ẹ tó ṣàtúnṣe. Ẹ da káàdì náà kọ sórí òmíràn, kí èyí náà máa wà nínú àpò kíbọ́ọ̀dù.